Mo Ti Gbọ́, Ó Ti Ń Lọ

Ìgbátí ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀ sí iṣẹ́ tí mo fi lo ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, oòrùn kò tíì le, mi ò tiẹ̀ tíì mọ ibi tí wọ́n ń kọ́ fìlà sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́. Iléeṣẹ́ irin ni, ní apá Sango níbí, ibi tí wọ́n ti ń yọ́ àlòkù irin, ọkọ̀ tó ti dẹnu kọlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tó ti dógùn-ún, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀pá irin tí ẹ fi ń kọ́lé. Ọgbà náà tóbi tó abúlé. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì kò lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí ààrò, ẹni tó wà nídìí ààrò kò sì lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ omi ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní yàrá ìpè. Ibi gbogbo nínú ọgbà ló ní aago kan nínú yàrá wa, aago kọ̀ọ̀kan ló sì ní gílóòbù tirẹ̀. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ níbìkan, aago ibẹ̀ á dún, gílóòbù ibẹ̀ á tàn, èmi á sì gbé fóònù ibẹ̀. Lẹ́yìn mi, àwọn ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan. Asáré là ń pè wọ́n. Àwọn ló ń jíṣẹ́ ìpè.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, aago ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ dún. Mo gbé e. Wọ́n ní ọkọ̀ kan ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, irin ń já sílẹ̀ lára rẹ̀. Mo ju fóònù sílẹ̀, mo sáré lọ. Mo bá wọn fi igi gbé ọkọ̀ náà dúró, mo pariwo, mo pàṣẹ, inú mi dùn. Mo padà dé, gílóòbù gbogbo ti tàn bí ọjọ́ ọdún, aago ń ké, àwọn asáré jókòó, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Ọ̀gá mi, Bàbá Lásísì, àgbà pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, dìde wẹ́rẹ́. Etí òsì ló gbá.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ ẹsẹ̀?"

"Bàbá, ọkọ̀ ló fẹ́ ṣubú."

"Ọkọ̀ kan fẹ́ ṣubú, o wá fi gbogbo iléeṣẹ́ sílẹ̀ kó ṣubú. Etí ni wọ́n gbà ọ́ fún, Jìmọ̀. Wọn ò gbà ọ́ fún ẹsẹ̀."

Gbólóhùn yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ìyókù, ìdárayá ni. Gbé e, gbọ́ ọ, sọ pé, "Mo ti gbọ́." Yí ọrùn díẹ̀, ju ọ̀rọ̀ náà sí asáré tó wà níwájú bẹ́ǹṣì. Nígbà tó bá dìde, sọ fún ẹni tó pè pé, "Ó ti ń lọ." Gbé fóònù kalẹ̀. O ò gbọdọ̀ bá asáré lọ. O ò gbọdọ̀ dúró dè é. Tó bá jíṣẹ́ tán, yóò padà wá jókòó sẹ́yìn bẹ́ǹṣì, yóò sọ èsì sí ọ létí lójú ẹsẹ̀ tí etí rẹ bá ṣófo. Bí ìpè kan bá máa gba ọjọ́ kan kó tó parí, kò kàn ọ́. Ìpè tó ń bọ̀ ló kàn ọ́.

A kì í sì í kí èèyàn. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe burú tó létí ọmọ Yorùbá. Bàbá kan wà lẹ́nu géètì wa, ọmọ bíbí Ọ̀tà pọ́ńbélé, tí kì í lè sọ ohun tó ń ṣe é láìkí èèyàn dé ìdí. Yóò pè:

"Jìmọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà la jí?"

"Bàbá, iṣẹ́ yín!"

"Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tó ní ibà lọ́jọ́sí ńkọ́?"

"Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀ ní géètì?"

"Ó dáa, ó dáa. Tírélà kan ló ń jóná níbí."

Ó fẹjọ́ mi sun bàbá mi ní mọ́ṣáláṣí pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń fẹ̀yìn tì, ohun tó sọ níwájú gbogbo èèyàn ni pé, "Ọmọ yìí ò mọ èèyàn kí, àmọ́ tí iná bá ń jó mi, òun ni kí ẹ bá mi pè." Mo tún un sọ fún yín kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀.

Torí mo mọ iṣẹ́ náà. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fi ọwọ́ bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ búrẹ́dì iṣẹ́ irin láti Sango dé Ojú-Òre, wọ́n á sọ fún yín pé Jìmọ̀ Elétí ò ní ẹlẹ́gbẹ́. Pámárì fóò ni mo kà dé, ìwé ló sá fún mi, èmi kọ́ ni mo sá fún ìwé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo aago yàrá yẹn bá jọ dún lẹ́ẹ̀kan, mo máa gbà wọ́n tán kí ọ̀mọ̀wé kan tó rí gíláàsì ojú ẹ̀ fi sójú. Nígbà tí Bàbá Lásísì kú, àga rẹ̀ ni wọ́n fún mi. Wọn kò tilẹ̀ wá ẹlòmíràn wò.

Nínú gbogbo ohùn tó ń wọ etí mi, ọ̀kan wà tí mo máa ń mọ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, nítorí á kọ́kọ́ fa imú. Síkírù ni, ọ̀rẹ́ mi, olórí àwọn tó ń yọ́ irin nídìí ààrò kejì. Ọdún kan náà la wọṣẹ́. Ó ga, ó dúdú, iná ti yan án kó dúdú sí i.

"Elétí ehoro!"

"Adúmáadán tí iná yan jinná. Kí ló dé?"

"Omi mi ti ń gbóná o."

"Mo ti gbọ́."

"Ṣé ó ti ń lọ?"

"Ó ti ń lọ. Lọ nu imú ẹ."

Ọ̀rọ̀ omi yẹn kì í ṣe eré. Ààrò wa, páìpù bàbà ló yí i ká, inú páìpù yẹn ni iná mànàmáná ń gbà tó fi ń yọ́ irin. Omi tútù ni kì í jẹ́ kí páìpù fúnra rẹ̀ yọ́. Bí omi bá dúró, bàbà á yọ́, ìwọ̀nba omi tó kù nínú rẹ̀ á já lu irin tó ti yọ́. Omi àti irin yíyọ́ kì í pàdé kí wọ́n túká ní ìrọ̀rùn. Ààrò á bì irin gbígbóná jáde. Nítorí náà, nínú gbogbo ìpè, ọba ni ìpè omi. Bàbá Lásísì máa ń sọ pé bí Ọlọ́run bá ń pè ọ́ tí aago omi sì ń dún, kọ́kọ́ gbé aago omi, yóò yé Ọlọ́run.

Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní aago ti di ti ayé àtijọ́, kọ̀ǹpútà ló kù tí yóò máa gba ìpè.

Ọmọbìnrin tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ń jẹ́ Ìbùkún. Apá Ìyànà Ìyèsí ló ń gbé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì gidi, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ọmọ ẹyẹ. Ó bẹ̀ pé kí n jẹ́ kí òun jókòó tì mí kí òun tó kọ ohunkóhun. Mo rò ó nínú ara mi pé ẹni tó fẹ́ gba àga mi ló tún ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń jókòó. Mo wá ṣe fáàrí fún un. Mo gba ìpè lọ́tùn-ún, mo gbà lósì, mo ń ju ọ̀rọ̀ sẹ́yìn láìwojú ẹni tí mo jù ú sí. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín.

"Dádì, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní sukúù gan-an lẹ ń ṣe yìí."

"Ta ló kọ́ yín? Ṣé wọ́n mọ Bàbá Lásísì ni?"

Ó ṣàlàyé fún mi, àlàyé rẹ̀ sì yé mi ju ti ọ̀pọ̀ àlùfáà lọ. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo wà nínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ìpè yóò máa gbà wọlé, bọ́ọ̀sì ni àwọn ń pè é. Agbàpè kan á dúró sẹ́nu ọ̀nà náà. Bí ìpè bá ti dé, á fa òwú tín-ín-rín kan yọ, tírẹ́ẹ̀dì lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, á so ìpè náà mọ́ ọn, á tú u sílẹ̀, á sì yíjú sọ́nà padà kíá. Òwú yẹn ni yóò lọ jíṣẹ́. Bó bá dé ibi tó ti ní láti dúró de èsì, bóyá lọ́dọ̀ àwọn ará stóò, á sùn síbẹ̀ jẹ́jẹ́, kò ní gba àga ẹnikẹ́ni. Èsì dé, á jí, á tẹ̀síwájú.

"Òwú mélòó ni agbàpè yìí lè tú sílẹ̀ pọ̀?"

"Ẹgbẹẹgbẹ̀rún, Dádì. Wọn ò wúwo. Tó bá jẹ́ okùn ńlá la fẹ́ máa fà fún ìpè kọ̀ọ̀kan ni, ẹ̀rọ á dákú."

"Ṣé òwú yín máa ń yà mu sìgá lẹ́yìn stóò bíi ti Mùfútáù asáré mi yìí?"

Mùfútáù ní, "Ọ̀gá, ẹ fi mí sílẹ̀ o." Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi àpótí kékeré sí ibi gbogbo, bọ́tìnnì wà lára rẹ̀ fún oríṣi ìpè kọ̀ọ̀kan. Àwọn asáré gba fóònù kékeré tí kọ̀ǹpútà nìkan lè pè, wọ́n fọ́n ká sínú ọgbà, kí òwú Ìbùkún lè máa bá wọn níbi tí wọ́n bá wà. Lọ́jọ́ tí a dán an wò, mo ní kí gbogbo èèyàn jọ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fẹ́ kó kọsẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Kò kọsẹ̀. Ó gbà wọ́n bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń gba òjò. Èmi Jìmọ̀ tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, mo gbà fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tó sì jẹ́ kí inú mi yọ́ ni pé, bí ìpè bá wọlé, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lójú kọ̀ǹpútà ni "Mo ti gbọ́". Bí òwú bá ti gbé e lọ, ó di "Ó ti ń lọ". Ọ̀rọ̀ ẹnu mi! Ó ní òun kò rí ọ̀rọ̀ tó dára jù ú lọ. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún ìyàwó mi pé tí mo bá kú, kọ̀ǹpútà á ṣì máa sọ̀rọ̀ bíi tèmi. Ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n kú báyìí. Mo ṣàmín.

Èmi wá di ẹni tó ń jókòó wo ojú kọ̀ǹpútà, kí nǹkan má bàa bàjẹ́ láìsẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì lọ. Wọ́n tú fóònù kúrò lára ògiri. Aago ìkìlọ̀ tó wà lára ààrò gan-an kú, wọn ò tún un ṣe, wọ́n ní kí la fẹ́ fi ṣe, ṣebí kọ̀ǹpútà ń sọ ọ́. Síkírù bá mi níbi tí a ti ń jẹun lọ́sàn-án, kò ṣẹ̀fẹ̀.

"Elétí ehoro, mi ò gbóhùn ẹ mọ́. Mò ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ ihò òkété. Mi ò mọ̀ bóyá òkété ló wà níbẹ̀ ni àbí ejò."

"Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ejò kankan ò sí."

"Tó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀."

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ tí ọwọ́ ẹnìkan ṣì nídìí ẹ̀rọ tó ń fa irin, tó tẹ bọ́tìnnì pé kí wọ́n paná. Òwú gbé e, asáré oníná gba iṣẹ́ náà, ó paná ààrò kìn-ín-ní lóòótọ́. Irin gan nínú ààrò bí ẹ̀kọ tútù. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ jáde, ojú Máníjà wa, Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé, pọ́n bí ata. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Òfò gidi ni. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ á bínú.

Ó wọ yàrá wa lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀gá kéékèèké tẹ̀lé e. Ìbùkún dìde.

"Ta ló fọwọ́ sí i kí wọ́n tó paná ọjọ́sí?"

"Sà, bí ìpè bá ti wọlé, ó máa ń lọ tààrà—"

"Tààrà, bí ọmọ tí kò ní bàbá. Láti òní lọ, ìpè tó bá wọlé, èmi ni kó kọ́kọ́ wá bá lórí fóònù mi. Mo tẹ̀ ẹ́ pé mo rí i, kó tó lọ. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ilé tí àgbà wà, ọmọdé kì í kọ́kọ́ bu oúnjẹ."

Ìbùkún kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Bí agbàpè bá ń dúró de ẹnìkan, ọ̀nà á dí. Ẹ jẹ́ kí n máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí yín, kí ìpè sì máa lọ."

"Ẹ̀dà? Ṣé àlejò ni mí níléeṣẹ́ yìí ni?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ìpè omi kì í dúró o."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Jìmọ̀, pámárì fóò lo kà. Tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ pámárì fóò, a ó ránṣẹ́ pè ọ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, torí kí ni èèyàn tún lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Kí wọ́n tó jáde, mo ti ń wo ilẹ̀.

Ìbùkún jókòó, ó tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ó ní, "Dádì, ìlà kan péré ni. Mo sọ fún un pé kó dúró." Ó bo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ń gbàdúrà sínú lójú mi. Mi ò gbọ́ ohun tó ń bẹ̀ fún.

Oṣù yẹn kọjá, kò sí nǹkan. Ọ̀gá máa ń tẹ tirẹ̀, ó ń ṣe é kíákíá, mo gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ó lè wà nínú ọkọ̀, ó lè wà níbi oúnjẹ, ìpè á dúró díẹ̀, á tún lọ. Ara wa balẹ̀. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù nìyẹn tí mo bá rántí, bí ara wa ṣe balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn àlejò pàtàkì wá wo iléeṣẹ́. Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń mú wọn káàkiri. Ó ti pa fóònù rẹ̀, torí ta ló ń jẹ́ kí fóònù máa ké níwájú àlejò bẹ́ẹ̀? Èmi jókòó sí yàrá mi lókè. Ìpè kan wọlé láti àgbàlá tí wọ́n ń kó irin jọ sí: táyà fọ́kílíìfù tí wọ́n fi ń gbẹ́rù ti jò. "Mo ti gbọ́." Mo dúró kó di "Ó ti ń lọ". Kò yí padà. Ìpè ará stóò tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́. Ti géètì tò sẹ́yìn ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ìpè láti ilé ẹ̀rọ omi. Omi ààrò kejì ti dúró.

"Mo ti gbọ́."

Ọ̀rọ̀ mi ni. Ó dúró síbẹ̀, kò lọ. Fúráìdè, ọmọ Delta tó wà nídìí ẹ̀rọ omi, tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Mo ti gbọ́. Mo ti gbọ́. Mo ti gbọ́." Wọ́n ń tò léra wọn lọ sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń fi mí ṣẹlẹ́yà pẹ̀lú ẹnu ara mi, gbogbo rẹ̀ sì wà lẹ́yìn táyà fọ́kílíìfù. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Fúráìdè sọ fún mi pé, "Oga Jimo, di box show green! I think say una don hear, I come face di second pump." Iná àwọ̀ ewé ti tàn fún un. A ti gbọ́ lóòótọ́.

Mo pe fóònù Ọ̀gá, ó ti wà ní pípa. Mo pe Síkírù, ṣùgbọ́n wọn kì í mú fóònù dé ìdí ààrò. Mo yí ọrùn sẹ́yìn, bí mo ṣe ń yí i láti ọjọ́ tí mo ti dáyé iṣẹ́ yẹn. Ògiri ni mo rí. Mo pe Ìbùkún.

"Ọmọ mi, omi ààrò ti dúró, ìpè ò lọ!"

"Dádì, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀! Ẹ sáré! Jésù, ẹ sáré!"

Mo sáré. Èmi tí wọ́n gbà fún etí. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀, mo ti ń rí ẹnu ọ̀nà ààrò lọ́ọ̀ọ́kán. Ibẹ̀ ni mo ti ko Ọ̀gá àti àwọn àlejò rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó na apá rẹ̀, ó di apá mi mú.

"Jìmọ̀! Kí ni ìsáré yìí níwájú àlejò?"

"Ọ̀gá, omi! Omi!"

"Má dójú tì mí. Kí àwọn èèyàn ná."

Mo já ara mi gbà, apá ṣẹ́ẹ̀tì mi kù sí i lọ́wọ́. Ariwo náà dé kí n tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Kì í ṣe bí àrá. Ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, tí ọ̀rọ̀ náà wá há a lọ́fun, tó pọ̀ ọ́. Òrùlé gbéra, ó tún balẹ̀.

Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ sọ fún mi pé Síkírù ló rí i pé àwọ̀ ààrò yípadà. Ó lé gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀ sẹ́yìn, ó wá súnmọ́ ọn láti fa iná rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n ní kó tó lọ, ó tẹ bọ́tìnnì. Mo padà wò ó lójú kọ̀ǹpútà, òótọ́ ni. Òun ló kẹ́yìn lórí ìlà. "Mo ti gbọ́."

Kò kú. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ká dúpẹ́ pé kò kú. Ojú rẹ̀ méjèèjì ló lọ, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì lẹ̀ pọ̀ mọ́ra.

Wọ́n wá ṣe ìwádìí, wọ́n ní ìjàǹbá tí kò sẹ́ni tó lè dá a dúró ni. Wọ́n gbé Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé lọ sí ẹ̀ka mìíràn, àga rẹ̀ níbẹ̀ ga ju ti ibí lọ. Wọ́n ní Ìbùkún kọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, àmọ́ kó máa lọ. Kó tó lọ, ó wá sí yàrá mi, ó pa ìlà náà rẹ́.

"Ó tán, Dádì."

"Ṣé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

A jọ jókòó, à ń wo ìpè bó ṣe ń wọlé tó ń lọ, ó ń wọlé, ó ń lọ, kò sí èyí tó dúró de èkejì. Ó dùn ún wò. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe dùn ún wò tó. Ọmọbìnrin náà ń sunkún láìmi ara.

Èmi náà ò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti ń dá ara rẹ̀ wò, kò nílò ẹni tó ń wò ó mọ́. Báyìí, géètì ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ni mò ń ṣí nítòsí Ìyànà Ìyèsí. Wọ́n á fọn fèrè ọkọ̀, n ó ṣí i. Kò sẹ́ni tó ń ṣí géètì kíá tó mi ní gbogbo àdúgbò yẹn, ẹ lè wádìí. Àwọn ọmọ yẹn ń kí mi, "Bàbá, ẹ káàsán," mi kì í dáhùn kí géètì tó ṣí tán. Wọ́n ní mo le. Wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdádúró.

Tí a bá kírun Jímọ̀ tán, mo máa ń lọ wo Síkírù ní Alápòtí. Ìyàwó rẹ̀ á ti lọ sọ́jà, òun á jókòó sí fàráńdà lórí àga, ojú rẹ̀ á kọjú síbi tí ariwo okada ti ń wá. Ìró ẹsẹ̀ mi ló fi ń dá mi mọ̀. Ó ń pè mí ní Elétí ehoro síbẹ̀. Èmi ni kò lè pè é ní Adúmáadán mọ́, nítorí iná ti bó o, ara rẹ̀ pupa, ó funfun, ó rí kálakàla.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, a jókòó pẹ́. Ló bá fa imú.

"Jìmọ̀. Ní ọjọ́ yẹn. Ṣé ìwọ lo wà níbẹ̀ àbí ejò?"

"Èmi ni."

"Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́."

Kò bínú. Mi ì bá fẹ́ kó bínú. Ó mi orí, ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n fún ní èsì tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti wá gbogbo ọ̀nà tí mo fi lè ṣàlàyé fún un, bí òwú ṣe yẹ kó lọ, bí táyà ṣe dí i, ẹni tó di apá mi mú. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí. Ẹni tí kò ríran kò nílò kí wọ́n máa tún un sọ fún un pé ọ̀nà dí.

Ó fi ọwọ́ òsì tó ṣì dára kan ọ̀fun rẹ̀.

"Omi," ó ní. "Òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Mo ti gbọ́."

Ẹnu mi ló sọ ọ́, èmi kọ́. Síkírù yí ojú tí kò ríran náà sí mi, ẹ̀rín kékeré kan wá sí ètè rẹ̀ tí iná ti sun. Ó bi mí jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń bi mí nígbà tí ayé ṣì wà ní ayé:

"Ṣé ó ti ń lọ?"

Mo yí ọrùn sẹ́yìn. Kò sí bẹ́ǹṣì, kò sí Mùfútáù, kò sí òwú kankan. Mo gbé ara mi dìde kúrò lórí àga, mo sì wá ife lọ.